Ìkòkò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Yìn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pọ̀, ìyàwó mi kó núdù ìrẹsì sínú abọ́ aláwọ̀ ewé kan, ó da omi lé e lórí, ó sì fi tíréè bò ó. Gáàsì ti tán láti alẹ́ àná, iná mànàmáná kò sì sí. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń gún ẹ̀pà nínú odó kékeré, nítorí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó gbà mí láyè láti ṣe nínú oúnjẹ náà nìyẹn. Ó wo inú odó, ó ní, "Bàbá Àmínà, ẹ̀pà yìí ti kúnná jù. Ṣé kúlíkúlí lẹ fẹ́ fi ṣe ni?" Mo ní ẹni tó bá rí ẹ̀bi ọmọ odó kó wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n yáa gbé sìlíńdà lọ ra gáàsì kí èrò tó pọ̀ níbẹ̀. "Ẹ má pẹ́ o," ó ní. "Núdù ti wà nínú omi." Nígbà tí mo padà dé, ó jókòó lórí àga tí mo dìde kúrò lórí rẹ̀, ó fi orí ti ògiri, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Mo rò pé ó sùn ni. Mo gbé sìlíńdà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kí n má baà jí i.

A sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn wa ti là á kalẹ̀. Ilé kún fún èèyàn títí di àdúrà ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn náà ló ṣófo. Àmínà, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ń gbé ní Súrùlérè pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Gbogbo Sátidé ló ń wá sí ẹ́sítéètì wa ní Ìkòròdú, tòun ti kúlà ńlá kan: ìrẹsì, ọbẹ̀, mọ́ínmọ́ín. Yóò to gbogbo rẹ̀ sínú fìríìsà bí ẹni ń to ẹrù sínú ọkọ̀. Kò pẹ́ tó fi sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. "Dádì, ẹ jẹ́ ká ti ilé yìí pa ná, kẹ́ ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ò lè se omi gbígbóná, báwo ló ṣe fẹ́ máa dá gbé?" Mo ní mo lè se omi gbígbóná. Ó ní, "Ẹ ò mọ ibi tí ìṣáná wà." Òótọ́ ni, mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ti ń wo àwọn ìkòkò ìyá rẹ̀ lórí pẹpẹ, ó ń ro èyí tí yóò kó lọ àti èyí tí yóò fi tọrẹ. Inú ire ló fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó ti na ọwọ́ sí agbada irin tí ìyá rẹ̀ fi ń dín núdù, mo rí i pé ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ju agbada lọ. Bí iná ilé yẹn bá kú, àlejò ni mo dà, ì báà jẹ́ ní Súrùlérè, ì báà jẹ́ nínú ilé tí mo kọ́ fúnra mi. Mo ní kó ṣì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àlejò tí mo sọ yìí kì í ṣe tèmi. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ, lọ́dún tí ìyá bàbá mi kú.

Ọmọdé tí kò tíì pààrọ̀ eyín tán ni mí nígbà náà. Àwọn òbí mi ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, wọ́n sì fi mí sọ́dọ̀ àwọn òbí bàbá mi, nínú agbo ilé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀sà. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń gbọ́ lójoojúmọ́ kì í ṣe ohùn èèyàn. Omi ni, bí ó ti ń lu ìhà àwọn ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ òpó, bí ẹni ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpè àdúrà, lẹ́yìn ìpè àdúrà ni ìró ìgbálẹ̀, lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni ìró ọ̀bẹ lára ìpẹ́ ẹja. Gbogbo obìnrin ilé ló ní ààrò tirẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, òkúta mẹ́ta mẹ́ta, a sì máa ń mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá nínú wọn nípa wíwo ibi tí èéfín kò ti rú. Iṣẹ́ tèmi ni láti ṣa èèpo àgbọn jọ fún ìdáná, kí n lé adìyẹ kúrò nídìí ẹja tí wọ́n sá, kí n sì máa fọ́ èèpo àwín nígbà tí àwín bá dé. Bí mo bá fọ́ ọ, tí mo bá jẹ lára rẹ̀, dúdú ẹnu mi ló máa ń tú mi fó. Màmá Èjìnrìn ni gbogbo ilé ń pe ìyá bàbá mi, nítorí láti Èjìnrìn ni wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn wá sílé ọkọ. Nígbà ààwẹ̀, wọ́n á rẹ àwín sínú omi tútù láti ìdájí, wọ́n á fi àwo bò ó, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á fi ọwọ́ fún un, wọ́n á sẹ́ ẹ, a ó sì mu ún kí a tó jẹ ohunkóhun. Wọn kì í jẹ́ kí iná kàn án. Wọ́n ní iná yára, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ràn. Mo sì máa ń lọ ṣí àwo náà wò kí àkókò tó tó, nítorí mi ò tíì gba ààwẹ̀. Màmá á rí mi láti ibi tí wọ́n jókòó sí. "Ohun tó wà nínú omi ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀," wọ́n á ní. "Lọ ṣe tìrẹ."

Bàbá Àgbà, ọkọ wọn, ni olórí àwọn tó ń pẹja ní agbo ilé wa. Wọ́n mọ ibi tí ẹja sùn sí lábẹ́ omi, wọn ò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara wọn. Oúnjẹ á dé iwájú wọn nínú abọ́ tí a dé ní ìdérí. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á wò ó, wọ́n á sì rí nǹkan wí kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. "Ṣé iyọ̀ ti tán lọ́jà ni?" Màmá kì í gbé ojú sókè. "Ó kù lókun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ ojú omi, ẹ bu díẹ̀ bọ̀ fún mi." Bàbá á jẹ abọ́ náà títí ìdí rẹ̀ á fi máa dán. Lọ́jọ́ mìíràn, ata ló pọ̀ jù, tàbí ẹja ló kéré. Mo máa ń rò pé ìjà ni wọ́n ń jà. Mo ti dàgbà ju bí wọ́n ṣe wà lọ nísinsìnyí, mo sì mọ̀ pé bí àwọn méjèèjì ṣe ń kí ara wọn nìyẹn. Bí àlejò bá wá, tó bá jẹun tán, tó ní ọbẹ̀ yìí mà dùn o, Màmá á dúpẹ́ dáadáa. Tí ó bá ti lọ tán, wọ́n á ní, "Àlejò ló ń yin ọbẹ̀. Ẹni tó nilé, wíwí ni í wí i."

Àìsàn ránpẹ́ ló mú Màmá lọ, ní àárín òjò. Ohun tí mo rántí jù ni òkúta mẹ́ta tí kò ní eérú gbígbóná láàárín, tí adìyẹ kan wá ń sùn síbẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni ẹ̀gbọ́n Bàbá Àgbà, Ìyá Rábì, tí wọ́n ti padà wá sí ilé bàbá wọn látìgbà tí ọkọ wọn ti kú, pe Bàbá síta lójú gbogbo wa. Nínú agbo ilé wa, bí ìyàwó ilé bá kú, ọkọ rẹ̀ ni yóò tún iná ààrò rẹ̀ dá. Yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ se oúnjẹ kan nínú ìkòkò olóògbé, gbogbo ilé yóò sì jẹ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìn ín, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dúpẹ́. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ rí àléébù níbẹ̀, àléébù tòótọ́, kó sì sọ ọ́ sókè láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni iná tó di ti ẹni tó dá a. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán láìsí ẹni tó wí nǹkan, wọn yóò tú òkúta náà ká, inú ìkòkò ẹlòmíràn ni yóò sì ti máa jẹun títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Mi ò tíì rí ilé mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sì mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Ìyá Rábì ní, "Súlè, ṣé wàá lè ṣe é? Tó ò bá lè ṣe é, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ààrò tèmi gbòòrò." Bàbá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fọwọ́ kan òkúta ìyàwó mi."

Wọ́n ní ìkókoré làwọn yóò sè, nítorí òun làwọn ti jẹ jù láyé. Gbogbo ilé jáde wá wòran. Bàbá jókòó sórí àpótí Màmá, wọ́n rin ewùrà, wọ́n sì rin ìka ara wọn mọ́ ọn. Èmi ni mo ń fẹ́ iná. Èèpo àgbọn tutù, èéfín bo gbogbo wa. Nígbà tí omi ọbẹ̀ hó, pẹ̀lú epo àti ata àti ẹja yíyan, wọ́n ń bu ewùrà rírin náà sí i díẹ̀díẹ̀, ìyẹn sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n a máa ń fi í sílẹ̀ kó dì sí kókó kókó kí a tó rò ó. Bàbá kò mọ èyí. Bí wọ́n ti bu ti ìkẹyìn sí i tán, wọ́n ki igi ìrokà bọ inú ìkòkò, wọ́n sì ń fà á lọ fà á bọ̀ pẹ̀lú apá méjèèjì.

"Súlè, ṣé ọkọ̀ lò ń wà ni?" Ìyá Rábì kígbe láti ẹnu ọ̀nà wọn. "Fi í sílẹ̀ kó dì!"

"Ẹ ò gbọdọ̀ dá sí i."

"Mi ò dá sí i. Ojú mi ló ń dá sọ̀rọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí ojú yín panu mọ́."

Àwọn obìnrin fi etí aṣọ bo ẹnu. Wọ́n bù ú fún wa. Kò sí kókó kan níbẹ̀, ó ń ṣàn lábọ́. A jẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, nítorí gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rù Bàbá, kò sì sẹ́ni tó tíì wí oúnjẹ wọn rí. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá wọn lọ sójú omi tilẹ̀ ní, "Bàbá, ó dára." Ìyá Rábì pòṣé. Wọ́n ti ń wo àwọn òkúta náà. Bàbá kò gbé ojú sókè kúrò nínú abọ́ wọn. Èmi ò ronú nípa àṣà kankan, ebi ló ń pa mí, kókó ìkókoré sì ni mo fẹ́ràn jù lọ ní ayé. Mo ní, "Bàbá, ti Màmá máa ń ní kókó. Ẹ̀kọ mímu lẹ sè."

Bàbá ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní èmi ni. Mo ti ń wo ọ̀nà tí mo máa gbà sá. Bàbá ní, "Ẹ bù sí i fún un." Ni gbogbo ilé bá tú síta. Ẹnìkan ní egungun ẹja kún inú rẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe apẹja ló sè é, ẹnìkan ní òun ń gbọ́ òórùn ẹ̀jẹ̀ ìka, Ìyá Rábì ní àwọn ti jẹ ọṣẹ tó dùn jù ú lọ, wọ́n sì na abọ́ wọn pé kí a tún bu díẹ̀ sí i. Bàbá ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo rò pé èéfín ni. Iná ti kú nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi kú, èéfín kò wọ́n lórí ààrò Màmá Èjìnrìn. Bàbá ló ń dá a, wọn ò sì mọ̀ ọ́n sè rárá.

Mi ò ro ọ̀rọ̀ yìí mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo kàwé, mo ṣiṣẹ́ ìjọba, mò ń jí ní ìdájí lọ sí Èkó láti Ìkòròdú, mo sì ń padà wá bá oúnjẹ lábẹ́ ìdérí. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ kan níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ sí ní Ìkòròdú níhìn-ín. Obìnrin kan wá láti ilẹ̀ Táílàǹdì síbẹ̀ láti wá mójú tó ẹ̀rọ, ó sì máa ń se núdù ilẹ̀ wọn fún àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán. Ìyàwó mi dé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá Àmínà, edé wà níbẹ̀, ẹ̀pà wà níbẹ̀, ẹyin, ṣúgà, ohun tó kan díẹ̀. Kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nínú wọn. Bí wọ́n ṣe pàdé ara wọn ni mi ò mọ̀." Ó kọ́ ọ. Kò tètè rí èso kíkan tí obìnrin náà ń lò, ó sì fi àwín rọ́pò rẹ̀, àwín Ẹ̀pẹ́, tó ń rà nígbà tó bá lọ ra edé lọ́jà ẹja. Mo jẹ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbé ṣíbí sílẹ̀, mo sì wí fún un pé àwín wà níbí. Ó ní, "Ṣé ó bàjẹ́ ni?" Mo ní rárá, ṣùgbọ́n ṣúgà ti pọ̀ jù. Ó ní kí n lọ bá ẹni tó ń ta ṣúgà. Láti ìgbà náà, ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ núdù. Ó máa ń dín in ní abọ́ kọ̀ọ̀kan, ti ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan, nítorí bí agbada bá kún, ó ní núdù á lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ẹbí tó ń jà sí ogún.

Bí Àmínà ti lọ tán lọ́jọ́ tó na ọwọ́ sí agbada yẹn, mo wá ìṣáná, mo rí i. Mo sọ fún Àmínà pé kó má gbé oúnjẹ ọ̀sán wá ní Sátidé tó ń bọ̀, mo ti fẹ́ se núdù ìyá rẹ̀. Mo ti wò ó ní àìmọye ìgbà, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo se omi títí ó fi hó, mo dà á lé núdù nínú abọ́ aláwọ̀ ewé náà, mo bò ó, nítorí bí a ṣe ń ṣe núdù inú ọ̀rá tí gbogbo ọmọ ilé ìwé ń jẹ nìyẹn, omi gbígbóná ni. Nígbà tí mo fi máa ṣí tíréè, ó ti di ògì. Mo ṣì dín in. Ó di odidi kan nínú agbada, ó lẹ̀, ó jóná ní ìsàlẹ̀. Àmínà jókòó, ó jẹ ẹ́. Ó jẹ díẹ̀ sí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí mo ṣe máa ń rí i tó ń ṣe nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀ bá mú ọmọ rẹ̀ tí kò mọ orin kọ wá kọrin níwájú rẹ̀. "Ó dùn, Dádì," ó ní. "Ẹ ṣé gan-an." Ó dìde, ó lọ mú kúlà tó ti fi pamọ́ sínú ọkọ̀. Mo jókòó, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tú òkúta ká.

Ó kó ohun tó kù lórí àwo mi dànù, ó sì ní bí oṣù bá parí, òun yóò wá pẹ̀lú ọkọ òun láti wá kó ẹrù mi. Mi ò bá a jiyàn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni mo fọ abọ́ aláwọ̀ ewé náà, mo sì dúró tì í níbi tí omi ti ń kán. Ọjọ́ tí ìyàwó mi lò ó kẹ́yìn, gáàsì kò sí nílé. Iná mànàmáná kò sí. Omi táǹkì ló dà sí i, omi tí kò rí iná rí. Ó bò ó láti àárọ̀, ó sì fi í sílẹ̀ kó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Èmi ni mo gbé sìlíńdà òfìfo náà kúrò nílé, mi ò sì ro ìyẹn.

Ní Sátidé, mo rẹ núdù sínú omi tútù ní kùtùkùtù. Mo rẹ àwín sínú abọ́ mìíràn. Mo fi tíréè bo ọ̀kan, mo fi àwo bo èkejì, mo lọ ka ìwé ìròyìn, mi ò ṣí wọn wò. Nígbà tí oòrùn ti mú dáadáa, mo fún àwín, mo sẹ́ omi rẹ̀, mo po ṣúgà mọ́ ọn pẹ̀lú omi ẹja oníyọ̀ tó wà nínú ìgò ìyàwó mi. Mo gún ẹ̀pà. Núdù ti rọ̀, ó ń tẹ̀ láìjá. Àmínà wọlé, ó gbé kúlà sórí tábìlì, kò tíì ṣí i. Mo jẹ́ kí agbada gbóná títí òróró inú rẹ̀ fi fẹ́ rú èéfín, mo da edé sí i, mo fọ́ ẹyin, mo da núdù àti omi àwín lé e, mo ń yí i padà, abọ́ kan fún ẹnìkan. Mo fọ́n ẹ̀pà lé e, mo gbé e síwájú rẹ̀. Mo padà sídìí iná láti lọ dín tèmi.

Mi ò tíì sọ àṣà ilé wa fún un rí. Ìyá rẹ̀ nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mò ń gbọ́ ìró fọ́ọ̀kì. Ó jẹ. Ó tún jẹ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Dádì, ẹ̀pà yìí ti kúnná jù. Ẹ ti gún un di kúlíkúlí."

Mi ò tètè yí ojú padà. Mo ní, "Ẹni tó bá rí ẹ̀bi ọmọ odó kó wá gbà á lọ́wọ́ mi."

"Mi ò gbà. Tí mo bá gbà á, kí lẹ̀yin á máa wá ṣe?" Ó ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí núdù rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ. "Edé náà kéré. Ṣé tèmi nìkan lẹ fi kéré ni, àbí tiyín náà?"

Ó jẹ ẹ́ títí ìdí àwo fi hàn. Kò sọ̀rọ̀ ẹrù mọ́ lọ́jọ́ náà, kò sì wo àwọn ìkòkò tó wà lórí pẹpẹ. Nígbà tó ń lọ, ó gbé kúlà rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, tòun ti gbogbo oúnjẹ inú rẹ̀. Kò yìn mí, kò sì dúpẹ́.